Tábìlì Ọkọ Mi àti Bíréèkì Akọ̀wé

Tí ẹ bá dúró níbi tí wọ́n ti ń ta sínúkà ní Orozo, ní Àbújá, lọ́sàn-án Sátidé, ẹ ó rí i pé ariwo ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ń mọ ẹni tó mọ bíréèkì í gbá. Bíréèkì ni gbígbá àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ń tú bọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n tò pọ̀ sórí tábìlì ká kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti dún gbàù, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ọkùnrin náà lágbára. Wọn kì í wo ibi tí bọ́ọ̀lù funfun, èyí tí wọ́n fi ń gbá àwọn yòókù, sá lọ. Èmi máa ń wò ó, torí èmi ni mo máa ń to bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń tò ó ló ń dúró ní òdìkejì, níbi tí gbogbo rẹ̀ ń kọjú sí. Ó ń rí ojú ẹni tó fẹ́ gbá, ó ń rí ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń rí àṣìṣe rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ṣe é. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fi gbẹ̀san lára àbúrò ọkọ mi. Inú mi dùn sí i nígbà náà, inú mi ṣì ń dùn sí i di òní.

Orozo là ń gbé. Ọmọ Okun lọkọ mi, láti apá Kàbbà; èmi jẹ́ ọmọ Ẹ̀kìtì. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Àbújá, òun ló sì gbé mi wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ pa ilé fàájì rẹ̀ tì ló ta tábìlì náà fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ọkọ mi lọ sí ọjà Dei-Dei, ó ra igi tó le, ó gbẹ́ ẹsẹ̀ mìíràn sí i fúnra rẹ̀, èmi ni mo di tábìlì mú nígbà tó ń kàn án. Aṣọ tuntun tí a tẹ́ sí i, èmi ni mo lọ yàn án. A na páànù bò ó níwájú ilé, a da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ibẹ̀ sì di ibi táwọn ará àdúgbò ti ń ta sínúkà. Ọkọ mi ń lọ sí ọ́fíìsì, èmi ni mo ń tọ́jú ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ń wọlé níbẹ̀ la fi ń jẹun, kí owó oṣù lè ráyè kọjú sí ilé ìwé àwọn ọmọ. Nítorí náà, tí mo bá ń pè é ní tábìlì ọkọ mi, tèmi náà ni.

Láàárọ̀ Sátidé, kí oníbàárà kankan tó dé, èmi àti ọkọ mi a máa ta á. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kì í ṣe pé a fi pamọ́. Àárọ̀ kùtù ni, àwọn ọmọ ṣì ń sùn, àwa náà ṣì wọ aṣọ tí a fi sùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbá bíréèkì, mo fi gbogbo ara gbá a bí ẹni tó ń la igi. Bọ́ọ̀lù méjì fò bọ́ sílẹ̀, funfun fúnra rẹ̀ wọ ihò. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Má lù ú. Rán an níṣẹ́." Ó ní bọ́ọ̀lù funfun dà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́: tó bá ti jíṣẹ́ tán, kó má lọ ṣeré kiri, kó padà wá jókòó sáàárín ilé, torí wọ́n ṣì máa rán an.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Bíréèkì tó dára ti bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó fọwọ́ kan ọ̀pá tí a fi ń gbá a. Ọwọ́ ẹni tó tò ó ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn bọ́ọ̀lù náà kò bá fara kan ara wọn dáadáa, bí àyè tí kò ju fọ́nrán irun lọ bá wà láàárín méjì, agbára tí o fi gbá a á kú síbẹ̀, wọ́n á kàn sún díẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń sún fún àlejò lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀, kó dúró ṣinṣin, kó má pa pọ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni ọrùn ọwọ́, tí kò gbọdọ̀ le. Ọ̀pá á fà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, á wá yára nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kan funfun, á sì kàn án láàárín gbùngbùn. Lákòókò yẹn, ojú rẹ kò gbọdọ̀ sí lára funfun mọ́. Ara bọ́ọ̀lù iwájú ni kó wà, èyí tó ṣáájú gbogbo wọn, ibẹ̀ gan-an ni kí funfun lọ kàn, lójúkojú, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ariwo rẹ̀ kì í pọ̀. Àwọn yòókù á túká lọ sí etí tábìlì, ọ̀kan tàbí méjì á wọ ihò, funfun á fà sẹ́yìn díẹ̀, á dúró. Ọkọ mi máa ń wí pé, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," á sì dákẹ́ kí n parí rẹ̀. Èmi á ní, "Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko."

Wàyí o, àbúrò ọkọ mi. Mo fi ọdún púpọ̀ ju ọmọkùnrin náà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ mi lòun náà. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, torí ìwé ló ń kà nígbà tí mo dé. Mo ń kúnlẹ̀ kí i, mo ń pè é ní "ẹ". Òun ń pè mí ní "ìyàwó", ó ń pè mí ní "ìwọ". Kò bí mi nínú rí, torí bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe nílé tiwa, èmi náà láwọn ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ fún mi ní Ẹ̀kìtì. Karu, tí kò jìnnà sí Orozo, ló ń gbé, iṣẹ́ ìjọba lòun náà ń ṣe, ó sì máa ń wá ta sínúkà lọ́dọ̀ wa. Bó bá ti dé, òun ni yóò gbá bíréèkì. "Ọkọ ló ń kọ́kọ́ fọ́ ọ," á wí fún mi, á na ọ̀pá sí mi kí n bá a fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún lẹ́nu, á sì gbá a bí ẹni tí bọ́ọ̀lù ṣẹ̀. Mo máa ń tò ó fún un, mo sì máa ń rí i pé ó ń pa eyín pọ̀, ó ń gbé orí sókè kí ọ̀pá tó dé ibi tó ń lọ. Funfun rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà mìíràn, abẹ́ àga ni mo ti ń wá a.

Ọkọ mi kú lójijì. Ó lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti pè mí. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A gbé e lọ sílé, a sin ín, mo sì dúró ti ìyá rẹ̀ bó ti yẹ kí opó ṣe. Akọ̀wé ṣáájú wa padà sí Àbújá, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ dé Orozo, láti ojú títì ni mo ti rí i pé abẹ́ páànù ti ṣófo. Sìmẹ́ǹtì nìkan ló kù, pẹ̀lú ojú ibi tí ẹsẹ̀ tábìlì ti tẹ̀ ẹ́. Aládùúgbò mi, ìyá Gbagyi kan tó ń ta iṣu, ló jáde wá bá mi.

"Madam, sannu," ó wí. "Na your husband brother carry am with pickup. He say na you send am."

Mo gbé ẹrù sílẹ̀, mo pe Akọ̀wé lórí fóònù.

"Akọ̀wé, ẹ kú ilé. A ti dé, n kò bá tábìlì."

"Ọ̀dọ̀ mi ló wà," ó wí. "Nǹkan ọkùnrin ni. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Òun la fi ń jẹun, Akọ̀wé."

"Ìyàwó, ogún ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n kàn fẹ́ ẹ wá sílé wa ni, wọn ò bí ẹ síbẹ̀. Àti pé kò dáa kí opó máa jókòó láàárín ọkùnrin. Àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀."

Mo bi í pé àwọn èèyàn wo. Ó ní òun ń wakọ̀, ó pa fóònù.

Mo kórìíra rẹ̀ láti ìgbà náà. Bó ṣe rí ni mo ń sọ ọ́. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo mọ ohun tí wọ́n ń wàásù nípa ìdáríjì, mo sì sọ fún Ọlọ́run pé n kò tíì ṣetán, kó má tíì bi mí. Ó dùn mí pé ó kó tábìlì. Ó dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé ó lọ nígbà tí mo ṣì ń sunkún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì tún fi ẹ̀gàn kún olè tó jà. Mo gba ọ̀nà ilé rẹ̀ kọjá ní Karu, mo rí tábìlì náà níwájú ilé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká. Wọn kò tẹ́ ẹ dọ́gba. Ìgò ọtí jókòó sórí aṣọ tí mo fúnra mi yàn. Ní ilé, a ti ń dín oúnjẹ kù, àkọ́bí mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ebi kò pa òun, nígbà tí mo mọ̀ pé ebi ń pa á. Mo pinnu pé màá gba tábìlì yẹn, màá sì gbà á níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.

Mo kọ́kọ́ gba ọ̀nà àgbà. Bàbá kan wà ní Karu, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òun ni àgbà gbogbo ẹbí ọkọ mi ní Àbújá. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé ẹbí lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Mo lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ara wọn "ọ̀kún o" tán, tí wọ́n ti gbàdúrà, mo kúnlẹ̀ sáàárín yàrá, mo rojọ́ mi. Akọ̀wé jókòó lórí àga tìmùtìmù, ó na ẹsẹ̀ síwájú mi.

"Ìyàwó wa," Bàbá wí, "ìbínú kò da nǹkan. Sùúrù ni baba ìwà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í jẹ sùúrù."

Bàbá wo ilẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé yòókù náà wo ilẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ bí Akọ̀wé bá dákẹ́, ṣùgbọ́n Akọ̀wé kò mọ dídákẹ́.

"Tábìlì sínúkà," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí ni ìyàwó mọ̀ nípa ẹ̀? Títò ló ń tò ó fún wa. Bàbá, ẹ jẹ́ kó wá bá mi ta á. Bó bá nà mí, kó gbé e lọ."

Bàbá gbé ojú sókè. "O ti sọ ọ́ níwájú ẹbí."

"Mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó má gbàgbé pé ọkọ ẹ̀ ni mí. Èmi ni màá máa gbá bíréèkì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láàárín àwọn tó mọ eré, ẹnì kan á gbá bíréèkì eré kan, ẹnì kejì á gbá ti èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ń fi gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá lè kó gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé kí ẹnì kejì tó dìde. Wọ́n rò pé màá kọ̀. Orí ìkúnlẹ̀ tí mo wà ni mo ti dáhùn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé. Ẹ ṣé."

Ìyàwó kan tó jókòó sẹ́yìn mi já mi léèékánná. "Ṣé orí ẹ pé?" ó wí sí mi létí.

Orí mi pé. Ẹni tó bá gbá bíréèkì tí kò dára, ńṣe ló tú tábìlì sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ó ti jà fún un níwájú ẹbí pé òun ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì pè é ní ẹ̀tọ́ ọkọ.

Ọkùnrin Hausa kan ní tábìlì sí ẹ̀bá ọ̀nà Karshi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń lọ lọ́wọ́ ọ̀sán, nígbà tí kò sí oníbàárà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbá bíréèkì bó bá ṣe wù ú, kó máa fi agbára gbá a, kí n wá máa kó èyí tó bá fọ́n ká wọ ihò.

"Kai, madam," ó wí. "You no wan break am yourself?"

"The man wey I wan beat, him no go let me break."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀pá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí tó fi mọ́ mi lára. Bí mo bá fẹ́ máa lọ, màá bẹ̀ ẹ́ kí n gbá bíréèkì kan fúnra mi, ìyẹn kì í ṣe nítorí ìdíje, ọkọ mi ni mo fi ń rántí. Mo tún bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí, wọ́n ń dì mọ́ mi, wọ́n ń ní Ọlọ́run á tù mí nínú. Mo ń ṣe àmín. Kí ọwọ́ Akọ̀wé máa gbọ̀n ni mo ń gbààwẹ̀ fún.

Sátidé tí a dá pé, ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an. Wọ́n gbé àga rọ́bà fún Bàbá sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé Akọ̀wé. Ẹbí wá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, àwọn aládùúgbò náà dúró ti ògiri. Akọ̀wé wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ló ka òfin sókè bó ṣe máa ń kà á fáwọn oníbàárà rẹ̀: ẹnì kọ̀ọ̀kan á kó bọ́ọ̀lù tirẹ̀ wọ ihò, ẹni tó bá kó tirẹ̀ tán ló máa gbá bọ́ọ̀lù dúdú wọlé, á sì jẹ eré náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta ló borí. Bí funfun bá fò bọ́ sílẹ̀ níbi bíréèkì, wọ́n á tún un tò, ẹnì kejì á sì gbá a. Ó sọ èyí tó kẹ́yìn kíákíá, bí ohun tí kò kàn án.

Mo tò ó. Ó gbá a, ó dún gbàù, ariwo sọ. Orí bá a ṣe é, bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé, ó sì jẹ eré àkọ́kọ́ kí n tó gbá ju ìgbà díẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, pẹ̀lẹ́ o." Mo dúpẹ́, mo tún un tò.

Lẹ́ẹ̀kejì, funfun rẹ̀ tẹ̀lé àwọn yòókù wọ ihò. Gbogbo bọ́ọ̀lù fọ́n káàkiri bí èyí tí wọ́n tò sílẹ̀ fún mi. Mo mú ọ̀pá. N kò yára. Mo kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan dúdú, mo gbá dúdú wọlé. Ẹnì kan ní ó ṣèèṣì ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yẹ kí n jẹ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ̀ láti gbá dúdú ni mo rí àbàwọ́n tí ìdí ìgò ọtí fi sára aṣọ tábìlì, ó rí róbótó, inú bí mi, ọwọ́ mi sì le. Dúdú kọ̀, kò wọlé. Òun ló jẹ ẹ́. Mo lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́, mo bá ara mi wí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, èmi ni mo jẹ ẹ́, torí bíréèkì rẹ̀ tún tú ilé sílẹ̀ fún mi. Ó di méjì sí méjì.

Òógùn ń bò ó nínú ọyẹ́. Bí mo ṣe ń to eré ìkẹyìn, ó tẹ̀ sún mọ́ mi.

"Ìyàwó," ó wí jẹ́jẹ́, "o fẹ́ dójú tì mí níwájú Bàbá."

"Ẹ má bínú, Akọ̀wé," mo wí. Nínú mi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ó lọ sí ìdí òdìkejì. Mo rí i tó pa eyín pọ̀. Mo rí èjìká rẹ̀ tó gbé sókè dé etí. Ọkàn mi ní kí n kúrò lójú ọ̀nà, mo sì kúrò. Ó gbá a pẹ̀lú gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún un, orí rẹ̀ ti gbé sókè kí ọ̀pá tó kan nǹkan kan, funfun gun orí bọ́ọ̀lù iwájú, ó fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lu ògiri, ó yí lọ sínú gọ́tà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú un jáde, wọ́n fomi fọ̀ ọ́, Akọ̀wé sì na ọwọ́ gbà á.

"Ẹ jẹ́ n tún un gbá," ó wí. "Ọkọ ló ń fọ́ ọ, ohun tí a jọ sọ nìyẹn."

"Òfin ta ni wọ́n kà fún wa níbí?" Bàbá bi í.

"Bàbá, ẹ wò ó..."

"Mo ní òfin ta ni?"

"Tèmi ni, Bàbá."

"Tò ó fún un."

N kò rí i rí ní gbangba, kò sì sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó rí i rí, kí ọkọ máa to bọ́ọ̀lù fún ìyàwó. Ó tẹ̀ ba, ó kó wọn jọ sínú férémù onígun mẹ́ta tí a fi ń tò ó, ó gbé e kúrò kíákíá. Mo tẹ̀, mo wò ó láti iwájú. Àyè wà níbẹ̀ tí fọ́nrán irun mẹ́wàá lè gbà kọjá.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́," mo wí, "ẹ bá mi tún un tò. Wọn ò kan ara wọn."

Ó tún un tò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí dára, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Mo tún ní kó tún un tò. Mo fẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ sí i, kí àwọn ìyàwó ilé wò ó dáadáa, kí wọ́n sì rí nǹkan máa sọ nídìí ààrò. Ó tò ó lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbé funfun sí ibi tó wù mí, mo ya ẹsẹ̀. Mo rántí pé inú ń bí mi, mo sì mọ ibi tí ìyẹn mú mi dé nígbà tí mo rí àbàwọ́n ọtí. Mo mí sóde, mo jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ mi rọ̀. Mo wo bọ́ọ̀lù iwájú títí n kò fi rí nǹkan mìíràn mọ́. Mo rán an níṣẹ́.

Kò pariwo. Àwọn tó dúró ti ògiri rò pé n kò gbá a re, títí wọ́n fi rí bọ́ọ̀lù tó ń lọ sí gbogbo etí tábìlì, tó ń padà, tí ọ̀kan wọ ihò lápá ọ̀tún, tí òmíràn yí wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ wọ ihò àárín. Funfun fà sẹ́yìn, ó dúró sí àárín gbùngbùn tábìlì. Láti ibẹ̀, n kò rí bọ́ọ̀lù mi kankan tí kò ṣeé gbá. N kò jẹ́ kí ọ̀pá kan ọwọ́ Akọ̀wé mọ́. Mo kó gbogbo tèmi tán, mo gbá dúdú sí ihò tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, kí ó lè gbọ́ bó ṣe já sísàlẹ̀.

Bàbá dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. "Tábìlì di ti ìyàwó," ó wí.

"Kó wá gbé e lọ́la," Akọ̀wé wí. "Kó wá àwọn tó máa gbé e."

"Akọ̀wé, ibo ni mo ti fẹ́ rí èèyàn?" mo wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe gbé e wá."

Bàbá ní, "Òótọ́ ló sọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Òkúta tó wà lábẹ́ aṣọ tábìlì sínúkà wúwo púpọ̀. Akọ̀wé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé e sínú pickup lọ́jọ́ kejì, àwọn náà ló gbé e sọ̀ ní Orozo, lójú àwọn aládùúgbò mi. Mo fi bọ́ọ̀lù funfun sáàárín tábìlì láti wò ó bóyá ó dọ́gba. Bó bá yí, màá ní kí Akọ̀wé gbé igun tábìlì kan sókè kí n fi pákó há abẹ́ rẹ̀. Ó yí lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dúró. Ìyá Gbagyi tó ń ta iṣu gbé àpótí jáde, ó jókòó wò wá títí a fi ṣe tán.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bó ti yẹ. Àwọn oníbàárà padà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Akọ̀wé tẹ̀lé tábìlì wá láti Karu, torí kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe níwájú ilé rẹ̀ mọ́. Mo ń gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní ọ̀dọ̀ mi, èmi ni mo ń pe ẹni tó kàn, kò sẹ́ni tó ń mú ọ̀pá láìjẹ́ pé mo pè é.

Sátidé kan, Akọ̀wé fúnra rẹ̀ dé. Ó dúró létí páànù, ó ń wo bọ́ọ̀lù bí ẹni ebi ń pa. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé àga fún un, mo bu omi tútù wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó mu ún.

"Ìyàwó," ó wí, "jẹ́ n ta eré kan."

"Ẹ jókòó, Akọ̀wé," mo wí. "Ó máa kàn yín."

Ó jókòó. Mo pe ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, mo pe èyí tó wà lápá òsì, mo pe àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ń rọ̀, ó dìde, ó lọ sílé. Ó tún wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó sì ń wá di ìsinsìnyí. Mo ń kúnlẹ̀, mo ń gbé àga, mo ń bu omi. Kò tíì kàn án.